Ọmọ Àkàndá Nínú Kíláàsì Yín: Ìbéèrè Àwọn Olùkọ́ àti Ìdáhùn

Olùkọ́ tó ní ọmọ 40 tàbí 50 nínú kíláàsì kan, tó ní bọ́ọ̀dù kan àti páálí ṣọ́ọ̀kì kan, tí kò sì ní ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́, òun la ní lọ́kàn tí a fi kọ àwọn ìdáhùn yìí. Nítorí náà, a kò ní sọ púpọ̀ lórí ohun èlò olówó ńlá. Ohun kan ló so gbogbo wọn pọ̀: ẹ má bu iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ kù. Ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe, àti ọ̀nà tí òun náà máa gbà fi hàn yín pé ó ti yé òun.

Ṣé a lè sọ fún òbí pé kí wọ́n mú ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé àwọn àkàndá?

Ẹ lè gbà wọ́n nímọ̀ràn, ẹ kò lè lé ọmọ náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ka ìyàsọ́tọ̀ àkàndá léèwọ̀, ó sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé ìparí ilé ìwé gírámà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2011, LASODA sì ni ọ́fíìsì tó ń mójú tó o níbẹ̀.

Ìyẹn kò ní kí a sọ pé ilé ìwé àkàndá kò wúlò. Ọmọ tó dití láti kékeré, tó ti pé ọmọ ọdún méje tí kò tíì ní èdè kankan, ìbáà jẹ́ ti ẹnu tàbí ti ọwọ́, kò ní rí nǹkan púpọ̀ mú nínú kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ èdè adití. Èdè ni ìṣòro rẹ̀, àárín àwọn tó ń sọ ọ́ ló sì ti lè rí i kọ́. Ìdí nìyẹn tí Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ dití, fi dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ọmọ tí kò ríran rárá náà nílò ọdún díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Braille (ìwé alámì tó yọ sókè tí afọ́jú ń fi ìka kà) àti bí a ṣe ń fi ọ̀pá rìn, bíi ilé ìwé Pacelli ní Sùúrùlérè. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilé ìwé gírámà gbogboogbò.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ríran díẹ̀, tó gbọ́ràn díẹ̀, tó ń tiro, tó ní wárápá, tàbí tí ìwé kíkà kàn ṣòro fún? Ilé ìwé àdúgbò ni ibi tirẹ̀.

Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ọmọ kan ní ìpèníjà. Báwo la ṣe máa mọ̀?

Ojú àti etí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kódà bó bá jẹ́ ìwà rẹ̀ ló ń dà yín láàmú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo tàbí olóríkunkun, bọ́ọ̀dù ni kò rí, tàbí kó jẹ́ pé àárín ọ̀rọ̀ ló ti máa ń gbọ́.

Fún ojú: ẹ fi yíǹkì dúdú ya lẹ́tà E kan sórí páálí funfun, kó ga tó mìlímítà 17 ààbọ̀, kí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ nípọn tó mìlímítà mẹ́ta ààbọ̀. Kí ọmọ náà dúró ní mítà mẹ́fà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ máa yí páálí náà sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Kó máa fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta E náà kọjú sí. Ojú kan lẹ́ẹ̀kan, kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo èkejì láìtẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gba mẹ́rin nínú márùn-ún, ó yẹ kó lọ rí dókítà ojú. Ẹ má kéde èsì náà lójú gbogbo kíláàsì.

Fún etí: ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n gígùn apá kan kó má baà máa wo ẹnu yín, ẹ fi ìka dí etí kan fún un, kí ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kó tún un sọ. Ohùn ọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ nínú sísọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí náà ẹ má lo ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ pé gan-an á ṣì wọ́n gbọ́. Ẹ lo ọ̀rọ̀ tí kò jọra, bíi “bàtà, méjì, ògiri”. Bó bá ṣi ọ̀kan gbọ́, ẹ sọ mẹ́ta mìíràn. Bí kò bá gba mẹ́ta, ó kéré tán, nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú etí.

Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún tàbí tí omi há sí lẹ́yìn ìlù etí rẹ̀ máa ń gbọ́ dáadáa lónìí, kó má gbọ́ lọ́la, pàápàá lẹ́yìn ọ̀fìnkìn. Ohun tó ń mú kí olùkọ́ rò pé ó ń díbọ́n nìyẹn. Ẹ tún ṣọ́ ọmọ tó máa ń dákẹ́ lójijì, tí ojú rẹ̀ á wò sùn-ùn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tí yóò sì máa bá ohun tó ń ṣe lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, kì í ṣe àlá ló ń lá. Irú wárápá kan wà tó rí bẹ́ẹ̀.

Ibo ló yẹ kí wọ́n jókòó sí? Ṣé gbogbo wọn ló yẹ ká kó sí iwájú?

Rárá o. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn.

Ọmọ tí kò ríran dáadáa, iwájú ni, láàárín, ní nǹkan bíi mítà méjì sí bọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ àfín, ẹ jẹ́ kó kẹ̀yìn sí fèrèsé, torí ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń gún irú ojú bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dé fìlà nínú kíláàsì bó bá fẹ́, kó sì gbé ìwé súnmọ́ imú bó ṣe wù ú. Kíkàwé nítòsí kì í ba irú ojú bẹ́ẹ̀ jẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tó sì máa ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó kàwé, ẹ má ní kó “wo iwájú dáadáa”. Ibi tí ojú rẹ̀ ti ń dúró jẹ́ẹ́ ló yí orí sí yẹn.

Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa, ìlà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí etí rẹ̀ tó sàn jù kọjú sí àárín kíláàsì. Ìdí tí kì í fi í ṣe ìlà àkọ́kọ́ ni pé níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo ọmọ tó bá ń dáhùn ìbéèrè máa wà, kò sì ní rí ẹnu wọn. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ojú ẹ̀yin olùkọ́; bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ti fèrèsé, òjìji lásán ni yóò máa wò. Bó bá ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀, ẹ rántí pé ariwo àti ohùn yín ni ẹ̀rọ náà jọ ń gbé ga, kì í ṣà wọ́n. Bí ẹ bá wà láàárín mítà kan sí méjì, ohùn yín ló máa borí. Nígbà tí òjò bá ń lu páànù, ẹ má kọ́ni lẹ́nu. Ẹ fún gbogbo kíláàsì ní iṣẹ́ kíkọ.

Ọmọ tí ariwo tàbí ìrìn àwọn ẹlòmíràn tètè ń dà láàmú, ẹ̀gbẹ́ ògiri, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ tó ní wárápá, ibikíbi tí kò bá ti sún mọ́ igun tábìlì mímú.

Báwo la ṣe máa kọ nǹkan sórí bọ́ọ̀dù kí gbogbo wọn lè rí i?

Nínú kíláàsì tó gùn tó mítà mẹ́jọ, kí lẹ́tà yín ga tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ẹ kun bọ́ọ̀dù tó ti ń dán. Dídán rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rí nǹkan. Ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ bá ń kọ sókè, àmọ́ ẹ kọ ọ́ tán kí ẹ tó yíjú padà láti ṣàlàyé, torí ọmọ tó ń wo ẹnu yín kò lè gbọ́ ohun tí ẹ ń bá bọ́ọ̀dù sọ.

Bí ẹ bá ń kọ Yorùbá, ẹ fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ síbẹ̀ kó ki pọ́pọ́. Ọmọ tí kò ríran dáadáa kò lè mọ ọ̀ yàtọ̀ sí o bí àmì náà bá rí bí àbààwọ́n ṣọ́ọ̀kì. Ìwé tí ẹ bá tẹ̀ fún un, kí ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó póìǹtì 18 sí 24.

Ọmọ kan gbọ́n lẹ́nu, ó mọ ìṣirò orí, ṣùgbọ́n kò lè kàwé. Ṣé ọ̀lẹ ni?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dyslexia, ìyẹn ìpèníjà tó máa ń mú kí ìwé kíkà ṣòro fún ọmọ tó gbọ́n. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ohun kan wà tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀: ṣé ìwé kíkà ló ṣòro fún un, àbí èdè Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ fún un ní Yorùbá kà. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ dáadáa fún ọdún kan tí kò sì lè ka “bàtà”, ìwé kíkà ni ìṣòro náà. Bó bá ka Yorùbá geere tó sì há sórí Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣeé ṣe kó má ní ìpèníjà kankan, kó jẹ́ pé èdè ni kò tíì gbọ́.

Yorùbá ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀, torí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìró rẹ̀ padà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, sílébù rẹ̀ sì kúrú. Ẹ máa fún un ní ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́; èyí sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé lọ. Ẹ mú a, i, u pẹ̀lú b, t, l, m. Kó pe ìró náà, kó fi ìka kọ ọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ dà sínú tíréè bó ṣe ń pè é, kó tó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ẹ so wọ́n pọ̀: ata, ilá, ibà, bàtà, ìlù. Ẹ má kọ́ ọ ní e àti ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, tàbí o àti ọ, tàbí b àti d. Ohun tó jọra lójú tàbí létí ló ń da irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọ̀kan fìdí múlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ìkejì tó wọlé. Ẹ kọ́ ọ ní gb gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kọ́ ọ bíi g àti b, yóò máa gbìyànjú láti pè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ má pè é lójijì láti dìde kàwé. Ẹ fi ìpínrọ̀ tó máa kà hàn án láti àná. Ẹ má ní kó da ojú ìwé méjì kọ láti bọ́ọ̀dù. Ìlà márùn-ún tó ṣe pàtàkì tó, kó gba ìyókù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìtàn, ẹ bi í léèrè lẹ́nu kí ẹ sì fún un ní máàkì rẹ̀. Kì í ṣe ojúsàájú: ohun tó mọ̀ nípa gbòǹgbò àti ewé lẹ fẹ́ dán wò, kì í ṣe sípẹ́lì.

Ọmọ tó ní autism (ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀, ariwo àti ìyípadà lọ́nà tó yàtọ̀) máa ń pariwo, ó sì máa ń sá jáde. Kí la lè ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ariwo náà tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì: aago mélòó, kí ló ń lọ lọ́wọ́, ta ló wà nítòsí. Ẹ óò sábàá rí i pé nǹkan kan náà ló ń fà á. Ó lè jẹ́ agogo ilé ìwé, ó lè jẹ́ ìgbà tí ẹ yí iṣẹ́ padà láìsọ, ó lè jẹ́ ebi.

Ìyípadà òjijì ló ń yọ púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu. Ẹ ya àwòrán iṣẹ́ ọjọ́ náà sórí páálí kéékèèké mẹ́fà sí mẹ́jọ (àdúrà òwúrọ̀, ìṣirò, oúnjẹ, eré, ilé), ẹ fi wọ́n kọ́ ní títò, kó máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bó bá ti parí. Ìṣẹ́jú márùn-ún kí iṣẹ́ kan tó parí, ẹ sọ fún un. Bí ẹ bá mọ̀ pé olùkọ́ mìíràn ló ń bọ̀ lọ́la, ẹ sọ ọ́ lónìí.

Ẹ lo gbólóhùn kúkúrú tó sọ ohun tí kó ṣe. “Jókòó” yé e ju “Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn?” lọ. Ẹ wá igun kan tó dákẹ́, kó ní ẹní, kó lè lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́. Igun náà kò gbọdọ̀ di ibi ìjìyà láé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi jẹ ẹ́ níyà lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní lọ síbẹ̀ mọ́. Bí kò bá wo ojú yín, kì í ṣe àfojúdi, bó tiẹ̀ jẹ́ pé láàárín wa, ọmọ tó ń wo àgbà lójú gan-an la máa ń bá wí.

Bí wárápá bá gbé ọmọ nínú kíláàsì ńkọ́?

Ẹ wo aago. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì kúrò nítòsí, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn. Bí gìrì náà bá ti rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ dúró tì í títí yóò fi mọ ibi tó wà.

Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí, igi tàbí ìka sí i lẹ́nu. Eyín ló ń ká, ọmọ kò lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ẹ má da epo, àgbo tàbí omi sí i lẹ́nu, ẹ má sì sún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ iná. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, bí òmíràn bá tẹ̀ lé e kí ojú rẹ̀ tó là, bó bá farapa, tàbí bó bá jẹ́ àkọ́kọ́ irú ẹ̀, ilé ìwòsàn ni.

Itọ́ tàbí ìfófòó rẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yòókù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ̀yin fúnra yín nù ún lẹ́nu. Bí ẹ bá sá sẹ́yìn, àwọn ọmọ náà á sá títí wọn yóò fi jáde ilé ìwé.

Ọmọ tó ní àrùn foníkú-fọ̀ladìde?

Ìgò omi lórí tábìlì rẹ̀, àyè láti lọ tọ̀ láìtọrọ ààyè, súwẹ́tà nígbà ọyẹ́, kò sí ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn. Bó bá ní ara ń ro òun, ẹ gbà á gbọ́. Ibà gbígbóná kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò fún un. Ẹ pe òbí rẹ̀ kíá. Ẹ ti ṣètò láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ẹni tó máa kọ nóòtì sílẹ̀ fún un nígbà tó bá wà nílé ìwòsàn.

Ọmọ tó ń kólòlò?

Ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀, ẹ má sì ní kó “rọra”. Ẹ dúró. Nígbà tí ẹ bá ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà, ẹ jẹ́ kó nawọ́ bó bá yàn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ wa kan ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Kí ló yẹ ká tún ṣe nínú ilé?

Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ gbé kíláàsì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń gbé ọmọ náà gun òkè lójoojúmọ́ nígbà tó jẹ́ pé kíláàsì ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Fún ẹnu ọ̀nà tó ní àtẹ̀gùn, ẹ ṣe ọ̀nà onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: sẹ̀ǹtímítà kan sókè, sẹ̀ǹtímítà 12 ní gígùn. Àtẹ̀gùn kan tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 máa gba mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 80. Bíríkìlà máa ń fẹ́ gé e kúrú láti fi pa sìmẹ́ǹtì mọ́; ohun tó máa jáde ni ibi gíga tí ọmọ kò lè dá gùn, tí kẹ̀kẹ́ sì lè fi dojú dé nígbà tó bá ń bọ̀ wálẹ̀. Ẹ má dán ojú rẹ̀. Ẹ fi ìgbálẹ̀ fa ìlà sí i kó tó gbẹ. Ilẹ̀kùn àti àárín bẹ́ǹṣì, sẹ̀ǹtímítà 90. Níbi tó ti máa yí padà, mítà kan ààbọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ilé ìyàgbẹ́. Bí kẹ̀kẹ́ kò bá wọlé síbẹ̀, ọmọ náà á máa yẹra fún omi láti àárọ̀, orí á máa fọ́ ọ, ẹ óò sì máa sọ pé kì í fọkàn sí iṣẹ́ ọ̀sán.

Ní ti ìjókòó: kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ tàbí àpótí, kí tábìlì bá ìgúnpá rẹ̀ dọ́gba. Ọmọ tí iṣan rẹ̀ le kò lè kọ̀wé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rọ̀ dirodiro. Ẹ wé rọ́bà tàbí aṣọ mọ́ pẹ́ńsù rẹ̀ kó nípọn, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé mọ́ tábìlì.

Àwọn ọmọ yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ wo ẹnu ara yín àti ti àwọn olùkọ́ yòókù kọ́kọ́. Bí tíṣà bá ń pe ọmọ ní “arọ yẹn”, ìwàásù kankan kò lè ṣiṣẹ́. Orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni kí ẹ máa pè.

Ẹ fún un ní ipò tí wọ́n ti nílò rẹ̀, kó jẹ́ òun ló ń pín ìwé tàbí tó ń ṣọ́ aago. Ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́, ẹ máa yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ kan náà ní gbogbo ọdún, iṣẹ́ á sú u, ẹ ó sì pàdánù ọ̀rẹ́ kan. Kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì ṣẹ̀, ẹ bá a wí bí ẹ ṣe ń bá àwọn yòókù wí. Àkẹ́bàjẹ́ náà ń dá yẹ̀yẹ́ sílẹ̀.

Òbí kò gbà pé nǹkan ń ṣe ọmọ àwọn.

Ẹ má dárúkọ àìsàn kankan. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, òun náà ló sì ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: “Màmá, ẹ kú àbọ̀. Inú wa dùn sí bó ṣe ń ṣe ìṣirò. Mo kíyè sí i pé bó bá jókòó sẹ́yìn, kì í rí bọ́ọ̀dù. Ṣé ó máa ń sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé?” Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn. Bí wọ́n bá ní ayé ló ń ṣe é, tàbí pé àwọn ń mú un lọ sórí òkè, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ní kí àdúrà máa lọ, kí àyẹ̀wò náà sì lọ. Kí ẹ ti ní orúkọ ilé ìwòsàn kan pàtó lọ́wọ́. Ní Ìbàdàn, UCH ní ẹ̀ka ojú àti ti etí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ lẹ́nu géètì nígbà tí àwọn òbí mìíràn ń kọjá.

Ṣé dandan ni kí a kọ ètò ẹ̀kọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan?

Ojú ìwé kan tó. Ohun tó lè ṣe báyìí. Ohun méjì tí ẹ fẹ́ kó lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí ẹ máa yí padà. Ẹni tó máa ṣe é. “Kó tẹ̀ síwájú nínú ìwé kíkà” kò ṣeé wọ̀n. “Kó ka ọ̀rọ̀ onísílébù méjì 20 láìsí ìrànlọ́wọ́” ṣeé wọ̀n. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí kò lè ṣe é, ọ̀nà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ fún olùkọ́ tó máa gbà á lọ́dún tó ń bọ̀ ní ẹ̀dà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò àṣejáde ńkọ́?

WAEC máa ń ṣètò ìwé ìbéèrè Braille àti àfikún àkókò fún àwọn afọ́jú. JAMB sì ti ní ètò ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní JEOG fún wọn láti ọdún 2017. Ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ni ilé ìwé gbọ́dọ̀ sọ ọ́, pẹ̀lú ìwé dókítà. Tí ẹ bá dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ó ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ti máa lo irú àfikún àkókò bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò táàmù láti JSS1, kó mọ bí òun ṣe máa pín in, àti ẹni tó máa ń bá a kọ̀wé, kí ohùn àwọn méjèèjì ti mọ́ra wọn lára.